Páìnì Inú Àwo Amọ̀

Ìgbà kẹta nìyí tí aṣọ ọmọ máa padà wá. Sùlàímọ́nù, dírẹ́bà tó ń kó iṣu láti Kàbbà wá sí Garki, gbé e lé Ọbayẹmí lọ́wọ́ lẹ́nu ọ̀nà. Bí wọ́n ṣe dì í lọ náà ló ṣe wà, òórùn ṣọ́ọ̀bù kò tíì kúrò lára rẹ̀. Ọdún 1987 ni. Aṣọ ọmọ ọdún mẹ́fà ni Ọbayẹmí rà, nítorí ọmọ rẹ̀ ti pé ọdún mẹ́fà.

"Ẹ̀gbọ́n yín ní ó tóbi jù," Sùlàímọ́nù wí. "Wọ́n ní èyí tí ẹ rà lọ́dún 1983 ló ṣì bá a mu."

"Láti ọdún mẹ́rin sẹ́yìn?"

"Ohun tí wọ́n ní kí n sọ nìyẹn, Bàbá Bámiṣayọ̀. Wọ́n tún ní kí ẹ wá wo ọmọ yín." Ilẹ̀ ló ń wò bó ti ń sọ̀rọ̀. Omi tó máa ń mu kó tó lọ, kò dúró mu ún lọ́jọ́ yẹn.

Ọbayẹmí rẹ́rìn-ín. Ó ní ìyá ọmọ náà kò ga, ọmọ ẹkùn sì ni yóò jọ ẹkùn. Ó ká aṣọ náà lé orí méjì tó ti padà wá ṣáájú, ó ti àpótí, ó sì lọ bomi rin igi rẹ̀.

Ká má purọ́, igi yẹn ni ọmọ tó ń tọ́.

Ọmọ Ìsánlú ni Ọbayẹmí, iṣẹ́ ọgbà ló sì ń ṣe. Ó dé Garki lọ́dún 1978, nígbà tí Àbújá kò tíì ju eruku pupa àti ariwo katakata lọ. Tákẹ́dà ni ọ̀gá tó gbà á, ará Japáànù kan tó ń ya àwòrán ọ̀nà títì. Ọ̀gá yìí gba ọ̀gbìn igi páìnì kan láti Jọ́ọ̀sì, kò gùn ju ìka ọwọ́ lọ. Ó ní kí ìyá amọ̀kòkò kan ní Kwali bá òun mọ àwo pẹlẹbẹ tó nihò nídìí, ó sì gbin igi náà sínú rẹ̀. Ọbayẹmí rò pé orí ọ̀gá ti dàrú. Ẹni tí ilẹ̀ lọ salalu níwájú rẹ̀, tó wá ń gbin igi sínú àwo ọbẹ̀!

"Nílùú wa," Tákẹ́dà sọ fún un, "igi tó yẹ kó ga ju ilé lọ, a lè mú kó má ga ju ọwọ́ èèyàn lọ, kó sì pẹ́ láyé ju ẹni tó gbìn ín."

Ó kọ́ Ọbayẹmí níṣẹ́ náà. Ọdọọdún méjì, bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, wọ́n á gbé igi náà jáde, wọ́n á fi àlùmọ́gàjí gé ìdá kan nínú mẹ́ta gbòǹgbò rẹ̀, wọ́n á dá a padà sínú yẹ̀pẹ̀ tuntun. Wọ́n á wé wáyà bàbà mọ́ ẹ̀ka, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ síbi tí ojú wọn fẹ́. Ọ̀mùnú rẹ̀ máa ń nàró bí àbẹ́là, wọ́n á sì fi èékánná já a sí méjì kó tó là. Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò, àwọn baba wa kúkú ti wí bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ náà wá wọ Ọbayẹmí lára. Ọwọ́ rẹ̀ fúyẹ́, kò sì ní ìkánjú.

"Fara balẹ̀," Tákẹ́dà máa ń wí. "Igi kì í bínú. Ó kàn máa ń rántí ni."

Ní oṣù kẹta ọdún 1981, Rẹ̀mí, ìyàwó Ọbayẹmí, bí ọmọbìnrin. Wọ́n sọ ọ́ ní Bámiṣayọ̀, oríkì rẹ̀ ni Àwẹ̀ró. Nígbà tí ìwọ́ ọmọ já, ọ̀rọ̀ dé. Nílé, ìdí igi ni wọ́n ń sin ìwọ́ sí, igi náà á sì di ti ọmọ. Ọ̀pẹ tí wọ́n sin ìwọ́ Ọbayẹmí sí ṣì wà lẹ́yìn ilé bàbá rẹ̀, kò sẹ́ni tó jẹ́ dá a láṣà pé òun fẹ́ gé e. Ṣùgbọ́n Ìsánlú jìnnà. Ilẹ̀ Garki ńkọ́? Ìjọba ló nilẹ̀. Àwọn awọnlẹ̀ ń fi ọ̀dà pupa sàmì sára ilé àwọn Gwárì àti sára igi wọn, kí oṣù tó yí po, ilé ò sí, igi ò sí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ìwọ́ fi wà nínú páálí ìṣáná.

"Ẹ jẹ́ ká fi ránṣẹ́ sílé," Rẹ̀mí wí.

"Mo ti rí igi tí ìjọba ò lè lé kúrò," Ọbayẹmí dá a lóhùn. "Bí wọ́n bá ní ká kó lọ lọ́la, màá gbé e mọ́ra."

Ó fi ìka gbẹ́ yẹ̀pẹ̀ inú àwo náà, ó sì bo ìwọ́ ọmọ rẹ̀ mọ́ ìdí páìnì. Ọgbọ́n tó dá náà dùn mọ́ ọn nínú. Rẹ̀mí wo igi, ó wo ọmọ, ó sì fa aṣọ bo ọmọ lórí.

Láti ìgbà náà ni igi ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ràn. Ẹ̀ka tí Tákẹ́dà ní yóò gba ọdún méjì kó tó gba títẹ̀, oṣù méjì ló gbà. Ọ̀gá yẹ̀ ẹ́ wò, ó tún un yẹ̀ wò.

"Kí lo fi sí i?"

"Ajílẹ̀ ni, ọ̀gá."

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ibà ọjọ́ mẹ́ta mú Rẹ̀mí lọ. Ọbayẹmí gbé ọmọ ọdún kan ààbọ̀ lọ sọ́dọ̀ Oyèbísí, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, ní Ìsánlú, ó sì dá nìkan padà. Lọ́dún 1983, Tákẹ́dà náà palẹ̀ mọ́. Ó fi igi náà sílẹ̀ fún Ọbayẹmí. Kó tó lọ, ó na àtẹ́lẹwọ́ lókè igi, ó fi àlùmọ́gàjí gé ṣóńṣó orí rẹ̀. "Ibi tí yóò ga mọ nìyí," ó wí. "Má jẹ́ kó kọjá ibẹ̀."

Ọbayẹmí kò sì jẹ́ kó kọjá ibẹ̀. Kéré­sìmesì ń wá, Kérésìmesì ń lọ, ó ń wí pé òun ń lọ sílé, iṣẹ́ á sì dé. Irọ́ ni. Ojú Rẹ̀mí ló wà lójú ọmọ náà, kò sì lè wò ó. Igi kò ní ojú ẹnikẹ́ni. Nínú yàrá kan ṣoṣo yẹn, níbi tí kò sẹ́ni tó ń kí i káàárọ̀, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í fi oríkì ọmọ rẹ̀ pe igi. "Àwẹ̀ró, o jíire?" Á fi ìka ra ewé rẹ̀ tó rí bí abẹ́rẹ́, òórùn oje rẹ̀ á sì bá a lọ síbi iṣẹ́.

Oyèbísí kò ránṣẹ́ mọ́. Òun fúnra rẹ̀ ló dé, lọ́sàn-án ọjọ́ kan nínú oṣù karùn-ún ọdún 1987 yẹn, ọjọ́ mẹ́wàá lẹ́yìn tí Ọbayẹmí gé gbòǹgbò. Ó pọn ọmọ kékeré kan sẹ́yìn.

"Okun o, ẹ̀gbọ́n mi. Ọmọ ta lẹ pọ̀n yìí?"

Oyèbísí tú ọ̀já, ó sọ ọmọ náà kalẹ̀ jẹ́jẹ́. "Ọmọ rẹ ni."

Kò ga ju ọmọ ọdún méjì lọ. Aṣọ ọdún 1983 ló wọ̀, ó ti ṣá, ó sì bá a mu rẹ́gí. Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kì í ṣe ojú ọmọdé, orúnkún rẹ̀ sì le kókó. Ara rẹ̀ tẹ̀ sí òsì díẹ̀ bí ẹni tí atẹ́gùn ń fẹ́. Àpá kan wé mọ́ ọwọ́ rẹ̀ ọ̀tún láti èjìká dé ọrùn ọwọ́, ó yí i po lọ́nà mẹ́jọ. Wọ́n ti fi aṣọ di ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì.

"Ọdọọdún méjì ni ẹsẹ̀ rẹ̀ máa ń wú," Oyèbísí wí ní ohùn ìsàlẹ̀, "bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀. Ó máa ń ké pé wọ́n ń gé òun. Mo ti gbé e dé ọsibítù mẹ́ta. Wọn ò rí nǹkan kan."

Òórùn kan gba yàrá náà. Òórùn oje páìnì ni, kì í sì í ṣe ọ̀dọ̀ igi ló ti ń wá. Orí ọmọ náà ló ti ń wá.

Bámiṣayọ̀ kò wo bàbá rẹ̀. Ó wọ́ ẹsẹ̀ lọ sí ojú fèrèsé, síbi tí igi wà lórí àpótí, ó sì dúró tì í. Igi tẹ̀ sí òsì, òun náà tẹ̀ sí òsì. Wáyà wé mọ́ ẹ̀ka ọ̀tún igi náà lọ́nà mẹ́jọ. Nígbà náà ló yíjú, ó mú ọwọ́ Ọbayẹmí, ó gbóòórùn rẹ̀.

"Ọwọ́ yìí ni," ó wí. "Mo mọ̀ ọ́n. Àràárọ̀ lẹ máa ń fi kàn mí, Bàbá. Ẹ ò jìnnà sí mi rí."

Oyèbísí wo igi, ó wo ọmọ, ó sì bi àbúrò rẹ̀ léèrè ohun tó yẹ kó ti bi í láti ọdún mẹ́fà sẹ́yìn.

"Ọbayẹmí, níbo lo sin ìwọ́ ọmọ yìí sí?"

Ọbayẹmí yíjú sí àwo amọ̀ náà. Ìka ló fi nà án.

Wáyà ni wọ́n kọ́kọ́ tú. Bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti ń bọ́, ọmọ náà ń mí kanlẹ̀. Oyèbísí ní kí wọ́n gbé igi lọ sílé, kí wọ́n gbìn ín sí ilẹ̀ bàbá wọn. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe gbé àwo náà sínú ọkọ̀ Sùlàímọ́nù, tí ọkọ̀ sì gbọ̀n díẹ̀, Bámiṣayọ̀ di ògiri mú, ó ní ilẹ̀ ń mì, ẹ̀jẹ̀ sì yọ ní imú rẹ̀. Igi yẹn kò ní dé Lọ́kọ́jà, áńbọ̀sì Ìsánlú.

Ọbayẹmí gbé e rù. Ó fẹsẹ̀ rìn láti Garki dé abúlé Jahi, níbi tí àwọn awọnlẹ̀ kò tíì dé, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ru omi tó kún dẹ́nu. Níbẹ̀ ni Yàhàyá, àgbẹ̀ Gwárì tó ń ta ìgbẹ́ màlúù fún un, ti fún un láyè lẹ́yìn oko. Ó fọ́ àwo náà kúrò lára gbòǹgbò, kó má baà fà wọ́n, ó sì gbin igi àti ìwọ́ pọ̀ sínú ilẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ewé igi náà fi pọ́n tó ń rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni irun Bámiṣayọ̀ fi ń já lórí ìrọ̀rí. Ọbayẹmí kò lọ síbi iṣẹ́. Ó jókòó tì í, ó sì ń wo ojú Rẹ̀mí nínú ojú rẹ̀, ó ń sunkún, ó ń bẹ̀ ẹ́ pé kó dárí ji òun. Lọ́jọ́ kejìlélógún, Yàhàyá wá sọ pé igi ti yọ ọ̀mùnú mẹ́rin. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ni ọmọ náà béèrè iṣu. Ó jẹ ẹ́, ó tún béèrè.

Aṣọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó wà nínú àpótí, kò pé ọdún kan ààbọ̀ tó fi wọ̀ wọ́n tẹ̀léra tí wọ́n sì kéré jù fún un. Ọbayẹmí ju àlùmọ́gàjí sí kànga. Nígbà tí ọdún 1990 fi máa wọlé, ọmọ náà ti pé ọdún mẹ́jọ, ó nàró gbọnrangandan, orí rẹ̀ sì dé àyà bàbá rẹ̀. Igi Jahi ti ga ju òrùlé Yàhàyá lọ. Ní gbogbo ọjọ́ Àìkú ni bàbá àti ọmọ máa ń lọ kí i. Ọbayẹmí ti ń kọrin nílé. Àwọn ará ilé ní àwọn kò mọ̀ pé ó lóhùn.

Àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì kan lọ́dún náà, Bámiṣayọ̀ ń wẹ̀ kó tó lọ sí ilé ìwé. Ó pe bàbá rẹ̀ láti balùwẹ̀, ohùn rẹ̀ rọra jáde.

"Bàbá, kí ló yí mi ká yìí?"

Ó ró ìró sísàlẹ̀ ìbàdí, ó káwọ́ sókè. Ìlà pupa kan yí ìbàdí rẹ̀ po, ó fẹ̀ tó ìka mẹ́ta, ó sì gún bí ohun tí wọ́n fi rúlà fà. Ọbayẹmí fi kànrìnkàn àti ọṣẹ fọ̀ ọ́. Kò bọ́. Ó gbé imú sún mọ́ ọn.

Ọ̀dà ni.

Takisí ló wọ̀ dé Jahi. Yàhàyá ti dúró lẹ́nu oko, ó ká ọwọ́ lẹ́rán. Èèkàn tuntun tò lọ láàárín oko rẹ̀, funfun báláú.

"Kai, Bàbá Bámi," ó wí. "Àwọn awọnlẹ̀ wá ní ìdájí. Wọ́n ní títì máa gba ibí. Wọ́n ní katakata ń bọ̀ lọ́jọ́ Ajé."

Ọ̀dà tó wà lára páìnì náà kò tíì gbẹ. Ọbayẹmí gba ọkọ́ lọ́wọ́ Yàhàyá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ ìdí igi. Kò tíì gbẹ́ jìnnà tí ẹnu ọkọ́ fi ge gbòǹgbò tín-ín-rín kan. Ó dúró. Ó rántí ẹsẹ̀ tí wọ́n fi aṣọ dì. Ó fi ọwọ́ tú yẹ̀pẹ̀, ó rí gbòǹgbò mìíràn tó tó itan ènìyàn, tó gba abẹ́ oko lọ síbi tí ojú ò tó. Kò sí amọ̀kòkò kankan ní Kwali tó lè mọ àwo tó máa gba èyí.

Ó da yẹ̀pẹ̀ padà, ó rọra fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ ẹ́. Ó ní kí Yàhàyá bá òun lọ mú ọmọ wá láti Garki, kó rọra rìn o, nítorí ẹsẹ̀ máa dùn ún. Lẹ́yìn náà ó jókòó, ó fẹ̀yìn ti igi, ara igi náà sì gbóná bí ara èèyàn. Ó dojú kọ ọ̀nà tí katakata máa gbà wá.