Eyín Tí Fọ́tò Kò Rí

Bí èèyàn bá ń kọjá lẹ́yìn Ọjà-Ọba ní Ìlọrin láàárọ̀ nígbà kan, ohùn àwọn ọmọ kéwú Àáfà Mansur ni yóò kọ́kọ́ pàdé rẹ̀. Àáfà á jókòó sórí awọ àgbò, bútà àlùwàlá á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, á dijú bí ẹni tó ń tòògbé, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ kì í sùn. Kí ọmọ kan ṣi lẹ́tà kan ṣoṣo pè, á ti gbọ́.

"Padà síbẹ̀! Ṣé bí mo ṣe kọ́ ẹ nìyẹn?"

Rokibat ìyàwó rẹ̀ á máa rẹ́rìn-ín nídìí iná. Ọkọ rẹ̀ kì í ṣe olówó, ṣùgbọ́n bó bá la ẹnu ka Àlùkùránì, àwọn àgbàlagbà á máa nu ojú. Ohùn yẹn ni ọlá ilé wọn.

Ohùn náà ti lọ báyìí. Nítorí rẹ̀ la ṣe ń sọ ìtàn yìí, ẹ̀yin ará wa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ṣeré.

Kẹ̀kẹ́ Márúwá ló dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Ó gbé Àáfà láti Ipata, ó fẹ́ yẹ kòtò, ó sì dojú dé. Àwọn èrò yòókù dìde, wọ́n gbọn eruku nù. Àáfà náà dìde, ṣùgbọ́n eyín òkè méjì níwájú ẹnu rẹ̀ ti yọ dànù. Gbogbo ayé ń kí i pé ó kú ewu, pé a dúpẹ́ pé kì í ṣe ẹsẹ̀ tàbí orí.

Ọpẹ́ ni lóòótọ́, àfi ìgbà tó padà jókòó síwájú àwọn ọmọ kéwú. Àwọn lẹ́tà kan wà nínú Àlùkùránì tó jẹ́ pé ahọ́n gbọ́dọ̀ kan etí eyín òkè kí wọ́n tó jáde bó ṣe yẹ. Àáfà gbé ahọ́n síbẹ̀, kò bá nǹkan kan, afẹ́fẹ́ lásán ló ń fẹ́ jáde. Ọmọ kan bú sẹ́rìn-ín. Àwọn yòókù bá a rín in. Àáfà pa Kùránì dé, ó wọ yàrá lọ.

Ààwẹ̀ sì ku oṣù díẹ̀ péré. Lèmọ́mù Awwal, bàbá arúgbó tó ń ṣíwájú ìrun ní mọ́sálásí àdúgbò wọn, ti sọ lójú gbogbo èèyàn pé Mansur ni yóò ṣíwájú ìrun àṣámù, ìrun alẹ́ inú ààwẹ̀, lọ́dún yìí, tí yóò sì ka Àlùkùránì parí kí oṣù tó jáde.

"Ẹ jẹ́ ká lọ bá dókítà eléyín ní ọsibítù," Rokibat bẹ̀ ẹ́.

"Kí gbogbo Ìlọrin lè rí mi lórí ìjókòó níbẹ̀? Lèmọ́mù tó ń yọ eyín bí ẹni ṣí fìlà, ta ni yóò kírun lẹ́yìn rẹ̀?"

"Bàbá Zahrah, ta ló sọ fún yín pé wọn ò ní kírun?"

"Ìwọ ò mọ̀ wọ́n. Èmi mọ̀ wọ́n."

Kò mọ̀ wọ́n o. Ẹ ó gbọ́ ìyẹn níwájú.

Bí wọ́n ṣe dé ṣọ́ọ̀bù Haneef ní Ṣàngó nìyẹn. Ẹnu kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ni wọ́n fi júwe rẹ̀ fún Àáfà, pé ó ń ṣe eyín kíákíá, pé kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀. Kò sí pátákó lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, kọ́tìnì ló ta. Ẹni tó bá ń fi kọ́tìnì bo iṣẹ́ ìlera, ẹ máa béèrè ohun tó ń fi pamọ́.

Haneef ò béèrè bóyá egbò ẹnu Àáfà ti jinná. Kò wo eyín tó kù. Ó kàn mú eyín kan jáde látinú àpótí, ó tẹ̀ ẹ́ láàárín ìka méjì, ike náà tẹ̀, ó sì padà sí bó ṣe wà.

"Irú èyí ni mo máa ṣe fún yín, Àáfà. Kì í le, kò ní wáyà. Àwọ̀ èrìgì yín gan-an ni. Ẹnikẹ́ni ò ní mọ̀."

Ojú Àáfà tàn.

Ibi tí Rokibat jókòó sí sún mọ́ etí kọ́tìnì. Ó rí Haneef bó ṣe ń da àwọn àfọ́kù ike sínú agolo irin kan lórí gáàsì. Àjẹkù ni wọ́n, òmíràn ṣì ní ojú ibi tí eyín ẹlòmíràn wà tẹ́lẹ̀. Èéfín rú.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé kì í ṣe tuntun ni wọ́n máa ń lò ni?"

"Ìyá, ike ni ike. Ó ti yọ́ rí, á tún yọ́."

Ọ̀rọ̀ náà kò wọ Rokibat létí. Ṣùgbọ́n ó wo ojú ọkọ rẹ̀, ó rí i bí inú rẹ̀ ṣe ń dùn bí ọmọdé tí wọ́n rán aṣọ ọdún fún, ó bá panu mọ́.

Nígbà tí wọ́n délé, Àáfà ti ilẹ̀kùn, ó kéwú. Gbogbo lẹ́tà jáde. Rokibat sunkún ayọ̀. Ọkọ rẹ̀ di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Àmánà ni mo gbé fún ẹ yìí, Rokibat. Mo fi Àlùkùránì bẹ̀ ọ́. Má jẹ̀ẹ́ kí ẹ̀dá alààyè kankan gbọ́."

"Mo gbọ́, Bàbá Zahrah."

Láti ọjọ́ náà, eyín ọ̀hún ò kúrò lẹ́nu Àáfà mọ́. Nítorí àwọn ọmọ kéwú lè wọlé nígbàkígbà, ó ń fi sùn, ó ń fi jí, ó ń fi ṣe àlùwàlá. Èrìgì abẹ́ rẹ̀ pọ́n, ẹnu rẹ̀ ń rùn. Apá kan lára ike náà sán, ó ń gún un létè, Àáfà fi bíléèdì fá a, ó ní ó ti tán. Rokibat ń rí gbogbo rẹ̀. Kí ni kó ṣe? Àmánà ni.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, lẹ́yìn ìrun àyìlá, Àáfà ń mu gàrí, ó ń fi kúlíkúlí panu. Rokibat gbọ́ "kà!" Kó tó yíjú, ọkọ rẹ̀ ti di ọ̀fun mú, ojú rẹ̀ ti yọ sóde. Àlàfo eyín méjèèjì ti là gbàgà. Eyín ò sí nínú abọ́, kò sí nílẹ̀.

Àáfà na ọwọ́ sí ẹ̀bà tó wà nínú ìkòkò. Ohun tí gbogbo wa máa ń ṣe tí eegun ẹja bá há wa náà nìyẹn, pé kí òkèlè tì í lọ. Rokibat bu òkèlè ńlá, ọkọ rẹ̀ gbé e mì, omijé ń dà. Ó tún bu òmíràn. Kò mọ̀ pé òun gan-an ló ń fi ọwọ́ ara òun ti ike yẹn wọ ẹran ọ̀fun ọkọ òun.

Wọ́n sáré lọ sí ilé ìwòsàn kékeré kan ládùúgbò.

"Kí lẹ jẹ?" ni dókítà ibẹ̀ bi wọ́n.

"Eegun ẹja ni, dókítà," Rokibat purọ́.

Dókítà tan iná sí ẹnu Àáfà. Ó wo àlàfo iwájú yẹn. Ó kọjú sí Rokibat.

"Ṣé wọ́n máa ń lo eyín àtọwọ́dá?"

Rokibat wo ọkọ rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ò lè sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ó mi orí fún un, díẹ̀ báyìí.

"Rárá o, dókítà," ni Rokibat wí.

Yé! Rokibat, kí lo sọ yìí?

Wọ́n ya fọ́tò ọrùn àti àyà rẹ̀. Fọ́tò náà mọ́ nini, kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Dókítà ní ó ṣeé ṣe kí eegun náà ti lọ, kó jẹ́ pé ojú ibi tó ha ló ń dùn wọ́n. Ó fún wọn lóògùn, ó ní bí kò bá lọ kí wọ́n tètè padà wá.

Kò lọ. Ìrora náà sọ̀ kalẹ̀ sí àyà. Ibà dé. Ọrùn Àáfà wú títí kò fi lè tẹ orí sílẹ̀, itọ́ ara rẹ̀ ò ṣeé gbé mì, ó ń ṣàn sórí agbádá rẹ̀. Síbẹ̀, bí Rokibat bá ti lanu pé "Ẹ jẹ́ n sọ fún wọn," á ju ọwọ́ sí i.

Ìgbà tí wọ́n gbé e dé ọsibítù ńlá, mímí rẹ̀ ti ń dún. Fọ́tò ibẹ̀ náà rí afẹ́fẹ́ àti wíwú, kò rí ohun tó fà á. Wọ́n ní kí dókítà eléyín wá yẹ ẹnu rẹ̀ wò. Obìnrin ni, Dókítà Fìrdáúsì. Ó ṣí ètè Àáfà sókè, ó sì fa Rokibat jáde.

"Màmá, èrìgì tó pọ́n bẹ́ẹ̀, eyín àtọwọ́dá ló wà lórí rẹ̀. Níbo ló wà?"

"Dókítà, mo ti ṣèlérí."

"Fún ta ni?"

"Fún òun náà. Àmánà ni."

"Àmánà ni ẹ̀mí wọn náà, màmá. Ta ni yóò bi yín léèrè ìyẹn?"

Rokibat jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lórí símẹ́ńtì, ó jẹ́wọ́. Wọ́n sáré gbé ọkọ rẹ̀ wọ yàrá iṣẹ́ abẹ.

Wọ́n rí i. Ó ti lu ọ̀nà ọ̀fun jáde, ọyún ti gba àyè gbogbo. Dókítà Fìrdáúsì gbé eyín náà wá nínú abọ́ kékeré, ó tẹ etí rẹ̀ díẹ̀, ó dá pẹ́kẹ́.

"Dókítà, ṣé ike tó ń tẹ̀ yẹn ló burú?"

"Rárá. Ike tó dára ni, èmi náà ń lò ó fún èèyàn. Ó fúyẹ́ lẹ́nu, ara àwọn tí kò gba ike líle sì máa ń gbà á. Ṣùgbọ́n ojúlówó rẹ̀ kì í dá báyìí. Inú ìdì tí wọ́n dì pa ló ń bá wọlé, gbígbẹ ló gbọ́dọ̀ gbẹ. Ẹ̀rọ ló ń yọ́ ọ, ooru rẹ̀ ní ìwọ̀n, ẹ̀rọ ni yóò sì tì í wọ inú àwòṣe ẹnu aláìsàn. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo la ń yọ́ ọ. Èyí tó bá ṣẹ́ kù, dídànù ni. Ẹni tó bá tún un yọ́ lórí gáàsì ti jó o nínú, á dán lójú, á sì máa sán."

"Mo rí i," Rokibat wí. "Mo rí i níbi tó ti ń yọ́ àfọ́kù."

Dókítà ò dá a lẹ́bi. Ó ní bí wọ́n bá tiẹ̀ lo ojúlówó, ẹnu tí ò tíì jinná kò yẹ kó gba eyín tó máa pẹ́, nítorí èrìgì á ṣì máa fà sẹ́yìn, eyín á sì máa mì. Kì í sì í ṣe gbogbo ẹnu ni ike rírọ̀ wà fún. Ẹni tí eyín rẹ̀ ti yọ púpọ̀, á máa rì sí i lérìgì, á máa jẹ egungun abẹ́ rẹ̀, irú wọn ló ń lo ike líle tàbí èyí tó ní irin.

"Fọ́tò ńkọ́, dókítà? Kí ló dé tí kò rí i?"

"Irin àti egungun ni fọ́tò máa ń rí, màmá. Ike kì í sábà hàn níbẹ̀. Ìdí tá a fi ń béèrè nìyẹn."



Àáfà Mansur ò kú. Ṣùgbọ́n rọ́bà ni wọ́n ń gbà bu oúnjẹ sí i níkùn, ọyún yẹn sì ti ba iṣan tó ń gbé ohùn jẹ́. Bó bá fẹ́ sọ̀rọ̀, èémí lásán ló ń jáde.

Lèmọ́mù Awwal wá kí i ní ọsibítù. Gbogbo ọ̀rọ̀ ti tú síta nígbà náà. Bàbá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó wò ó títí. Lẹ́yìn náà ó ki ọwọ́ bọ ẹnu, ó yọ gbogbo eyín òkè rẹ̀ jáde, ó gbé e sórí àtẹ́lẹwọ́, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wọlé. Ó ní láti dá a padà sẹ́nu kó tó lè sọ̀rọ̀.

"Mansur, láti ìgbà tí o ti ń kírun lẹ́yìn mi, òun ni mo fi ń kéwú. Mo máa ń yọ ọ́ kí n tó sùn, mo máa ń fi sínú omi. Ta ló sọ fún ọ pé ìtìjú ni?"

"Ẹ̀yin náà, Bàbá?" Rokibat ké. "Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún wa?"

Bàbá sorí kọ́. "Kò sẹ́ni tó bi mí, ọmọ mi. Èmi náà ò sì fẹ́ kí wọ́n mọ̀."

Àáfà kọjú sí ògiri. Èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n, kò sì sí ẹni tó gbọ́ ẹkún rẹ̀.

Ààwẹ̀ dé. Abdulmuiz, àgbà nínú àwọn ọmọ kéwú rẹ̀, ni wọ́n fi síwájú ìrun àṣámù. Àáfà dúró ní sàfù àkọ́kọ́ lẹ́yìn rẹ̀, Rokibat wà lẹ́yìn láàárín àwọn obìnrin. Láàárín kíkà, ọmọ náà gbàgbé. Ó ka ẹsẹ Àlùkùránì kan, ó tún un kà, kò rántí èyí tó kàn. Ó dákẹ́, ó ń dúró. Gbogbo mọ́sálásí mọ ẹni tó ń dúró dè, nítorí olùkọ́ tó wà lẹ́yìn ló máa ń ran ẹni tó gbàgbé lọ́wọ́.

Rokibat dúró dè é náà. Ohun tó gbọ́ kò ju èémí kan lọ, tó ń fẹ́ jáde, tó ń tiraka. Ó pẹ́ kí ẹlòmíràn tó gbé ẹsẹ tó kàn sókè.

Ẹ̀yin ará wa, eyín àtọwọ́dá kì í ṣe ẹ̀sín, kì í sì í ṣe ohun tí à ń rà lẹ́yìn kọ́tìnì. Ọ̀dọ̀ dókítà eléyín ni kẹ́ ẹ lọ, kó yẹ ẹnu yín wò kó tó sọ ike tó bá a mu. Ẹ bi í pé ṣé tuntun ni, ṣé inú ìdì rẹ̀ ni wọ́n ti mú un jáde. Ẹ máa yọ ọ́ kẹ́ ẹ tó sùn, ẹ fi omi tútù àti búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ fọ̀ ọ́, ẹ má bọ̀ ọ́ nínú omi híhó, ẹ má fi jíìkì tàbí èédú nù ún. Bó bá sán, bó bá ń mì, ẹ má fá a, ẹ má lẹ̀ ẹ́, ẹ dá a padà fún ẹni tó ṣe é. Bí èèyàn bá sì gbé e mì, ẹ má fi ẹ̀bà tì í, ẹ má fún un ní oúnjẹ kankan, ọsibítù ni kẹ́ ẹ sáré gbà.

Bí dókítà bá sì bi yín bóyá ẹ ń lo eyín àtọwọ́dá, ẹ dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni. Ohun tí Rokibat ì bá wí nìyẹn, ọkọ rẹ̀ ì bá sì ṣì máa kéwú.