Oògùn Ọkàn Tí Sàlàkọ́ Kò Dárúkọ

Bí ẹrù bá ti Ògbómọ̀ṣọ́ dé sí Adjamé, níbi tí wọ́n ti ń sọ Faransé, Ràmílátù kì í jẹ́ kí ẹlòmíràn tú u. Gaàrí á wà níbẹ̀, irú á wà níbẹ̀. Oògùn ọkàn Sàlàkọ́, ọkọ rẹ̀, á sì wà nínú ọ̀rá tí wọ́n ta ní kókó, láìsí páálí, láìsí orúkọ. Dókítà tó rí nílé lọ́hùn-ún ló ní kó máa lò ó, kí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ má baà máa dì.

Àìsàn gúlókómà ti fọ́ ojú òsì Sàlàkọ́. Ojú ọ̀tún nìkan ló kù, wọ́n sì fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ sí i kí òun náà má baà lọ.

Lọ́jọ́ iṣẹ́ abẹ, nọ́ọ̀sì Estelle fi Faransé béèrè oògùn tó ń lò.

"Rien," ni Sàlàkọ́ dáhùn, pé kò sí. "Àyàfi èyí tí mò ń kán sójú."

Ràmílátù fi ìgúnpá tọ́ ọ. "Baba Bàsìt, oògùn ọkàn yín ńkọ́?"

"Oògùn ilé nìyẹn! Ti ojú ni wọ́n ń bi mí. Ṣé o fẹ́ kí wọ́n dá mi padà ni? Panu mọ́ jàre, Ìyá Bàsìt!"

Estelle kò gbọ́ Yorùbá. Ràmílátù sì panu mọ́.

Ẹ̀jẹ̀ ya sínú ojú náà lórí ibùsùn iṣẹ́ abẹ. Lọ́jọ́ kẹrin tí wọ́n tú báńdéèjì, Ràmílátù na ìka méjì síwájú ọkọ rẹ̀.

"Mélòó ni?"

"Tanná ná," ni Sàlàkọ́ wí.

Ọ̀sán gangan ni.

Ẹkún ni Ràmílátù fi jẹ́wọ́ fún Olúwatófúnmi, dókítà ọmọ Yorùbá tó wà níbẹ̀. Ìyẹn mi orí.

"Oògùn yẹn kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tètè dá, Ìyá. Ká ní a mọ̀ ni, a ò bá ti kọ́kọ́ bá dókítà ọkàn sọ̀rọ̀."

"Ẹ dà á nù!" Sàlàkọ́ kígbe.

"Rárá o, Baba. Òun ni kò jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì lọ sínú ọpọlọ yín. Bí ẹ bá ṣàdédé dá a dúró, rọpárọsẹ̀ lè tẹ̀lé e."

Ràmílátù fi hóró kan sí àtẹ́lẹwọ́ ọkọ rẹ̀. Ó ń wò ó bó ṣe ń táràrà wá ife omi.

Ẹ̀yin ará wa, gbogbo oògùn tí ẹ ń lò ni kí dókítà ojú mọ̀, níbikíbi tó bá ti wá. Ẹ mú un dání lọ pẹ̀lú páálí rẹ̀. Ẹ má sì fúnra yín dá a dúró. Dókítà ni kó sọ bó ṣe máa rí. Bó bá sì jẹ́ ìwọ lo sin aláìsàn lọ, tí o mọ ohun tó ń lò, sọ ọ́, bó tiẹ̀ fẹ́ bínú.