Dísìkì Tó Ń Tọ́jú Ẹsẹ̀ Igba Ènìyàn

Ẹni tó bá kọ́kọ́ wọ ṣọ́ọ̀bù Bàbá Ẹlẹ́sẹ̀ lè fẹ́ sá padà. Ẹsẹ̀ wà lórí tábìlì, ẹsẹ̀ fara ti ògiri, àwọn mìíràn rọ̀ sára ìṣó, ọ̀dà ara wọn kò tíì gbẹ. Ẹ má fòyà. Ẹsẹ̀ àtọwọ́dá ni gbogbo wọn. Iṣẹ́ ọkùnrin yìí ni láti ṣe ẹsẹ̀ fún àwọn tí ìjàǹbá ọkọ̀ tàbí àìsàn gba tiwọn, kí wọ́n lè dìde, kí wọ́n tún máa rìn.

Ní igun yàrá náà ni kọ̀ǹpútà rẹ̀ wà. Ó ti darúgbó, ó sì ń mí hẹlẹhẹlẹ bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gun òkè. Síbẹ̀, inú rẹ̀ ni Bàbá Ẹlẹ́sẹ̀ kó ìwọ̀n ẹsẹ̀ igba ènìyàn ó lé méjìlá sí láti ọdún mẹ́fà. Bí ẹsẹ̀ ẹnìkan bá gbó, kò di dandan kó wá jókòó fún wíwọ̀n mọ́. Á kàn ránṣẹ́, Bàbá á ṣí kọ̀ǹpútà, iṣẹ́ á bẹ̀rẹ̀. Apẹja àgbàlagbà kan wà nínú wọn tó jẹ́ pé ọjọ́ méjì gbáko ló fi wà lójú omi kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Wàhálà bẹ̀rẹ̀ nígbà tí Bàbá ra kámẹ́rà tuntun tó ń wọn ẹsẹ̀. Kámẹ́rà dé, kọ̀ǹpútà ní òun kò mọ̀ ọ́n rí. Ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà náà ti pẹ́ jù, àfi kí wọ́n fi tuntun sí i.

"Ẹ pe ẹni tó mọ̀ ọ́n," ni ìyàwó rẹ̀ wí.

"Àbúrò rẹ ti ní òun á bá mi ṣe é."

"Àbúrò mi wo? Ṣé Mo-ti-mọ̀-ọ́n? Ẹni tó bá wa tún fáànù ṣe, tí fáànù wá ń fẹ́ atẹ́gùn sára ògiri?"

Bàbá rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó ti gba ọ̀rọ̀ àna rẹ̀, kò sì fẹ́ kó dà bíi pé òun fojú di í.

Mo-ti-mọ̀-ọ́n dé láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ó ń sún mọ́ ẹni ogójì ọdún, ọkọ̀ wíwà ló ń kọ́ àwọn èèyàn, kò sì sí ohun tí a lè béèrè tí kò ní dáhùn pé, "Mo ti mọ̀ ọ́n." Ó fi fílaṣì tí ètò tuntun wà nínú rẹ̀ bọ ara kọ̀ǹpútà.

"Àwọn fáìlì mi ńkọ́?" ni Bàbá béèrè.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ fọkàn balẹ̀. Ètò tuntun la fẹ́ fi sí i, kì í ṣe pé a fẹ́ dáná sun ilé."

Láìpẹ́, ojú kọ̀ǹpútà fi dísìkì, ibi tí ó ń tọ́jú gbogbo ohun inú rẹ̀ sí, hàn ní ìlà mẹ́ta. Ìpín kìíní, ìpín kejì, ìpín kẹta.

"Ẹ ò rí i?" ni Mo-ti-mọ̀-ọ́n wí. "Wọ́n ti gé dísìkì yìí wẹ́wẹ́. Abájọ tó ń fà bí ìgbín. Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ di ọ̀kan."

Ó yan ìpín kìíní, ó pa á rẹ́. Ó bọ́ sórí ìkejì. Ọ̀rọ̀ kan jáde, ṣùgbọ́n kí Bàbá tó rí gíláàsì ojú rẹ̀ fi sójú, ọ̀gbẹ́ni ti tẹ "Bẹ́ẹ̀ ni". Ìgbà tó kan ìkẹta ni Bàbá tó ka ọ̀rọ̀ náà sókè: "'Gbogbo ohun tó wà nínú ìpín yìí ni yóò parẹ́.' Kí ló ń sọ yìí?"

"Bẹ́ẹ̀ náà ló máa ń sọ fún gbogbo èèyàn." Ó sì tẹ̀ ẹ́.

Ìlà mẹ́ta di ẹyọ kan: àyè òfìfo. Lábẹ́ rẹ̀ ni bọ́tìnnì tó sọ pé "Tẹ̀síwájú" wà.

Àfi bí ilẹ̀kùn ṣe ṣí. Obìnrin kan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní òpópónà kejì ló wọlé. Bàbá ló ṣe ẹsẹ̀ òsì fún un ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn.

"Ẹ káàárọ̀ o, Bàbá. Orúnkún yìí mà ti ń dún bí ilẹ̀kùn tó gbẹ..." Ojú rẹ̀ bọ́ sórí kọ̀ǹpútà. "Ẹ dúró! Ẹ gbọ́wọ́ kúrò níbẹ̀!"

Mo-ti-mọ̀-ọ́n gbé ọwọ́ méjèèjì sókè bí ẹni tí ọlọ́pàá dá dúró.

"Bàbá, kí ló wà nínú dísìkì yìí tẹ́lẹ̀?"

"Gbogbo yín ni," ni Bàbá dáhùn.

"Ṣé ẹ̀dà rẹ̀ wà níbòmíràn?"

Bàbá wá àga, ó jókòó. Ó rántí apẹja nì àti ọjọ́ méjì rẹ̀ lójú omi. Ó rántí ọmọbìnrin ọlọ́dún mẹ́sàn-án kan tí ìyá rẹ̀ ń mú bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Ẹsẹ̀ ọmọ náà wà lórí tábìlì níwájú rẹ̀ báyìí, kò tíì ju ààbọ̀ lọ, ìwọ̀n tí yóò fi parí rẹ̀ sì wà nínú ohun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pa rẹ́.

Obìnrin náà tẹ bọ́tìnnì tí wọ́n fi ń pa kọ̀ǹpútà, ó dì í mú títí ó fi kú pátápátá.

"Ṣé pípa tí ẹ pa á lójijì yẹn ò ní bà á jẹ́?" ni Mo-ti-mọ̀-ọ́n béèrè.

"Ká tẹ̀síwájú ló máa bà á jẹ́." Ó yíjú sí Bàbá. "Ẹ fi dísìkì yìí wé ilé oníyàrá mẹ́ta. Ohun tí wọ́n pa rẹ́ ni ògiri àti orúkọ tó wà lẹ́nu ilẹ̀kùn. Ẹrù yín ṣì wà nílẹ̀. Àmọ́ tí ètò tuntun bá wọlé, kò mọ̀ pé ẹrù wà níbẹ̀. Orí ẹ̀ ló máa tẹ́ ẹní sí, a ò sì ní lè yọ ọ́ lábẹ́ ẹ̀ mọ́."

Ó tú dísìkì náà kúrò lára kọ̀ǹpútà, ó wé e sínú aṣọ, ó gbé e lọ.

Lọ́jọ́ yẹn, ọwọ́ Bàbá kò yá sí iṣẹ́. Ìyàwó rẹ̀ kò sọ pé, "Ṣebí mo sọ." Ó gbé ìjókòó wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó mú ẹsẹ̀ kan, ó ń bá a fi pépà oníyanrìn họ ọ́. "Omi lè ti dà o," ló wí, "agbè ò tíì fọ́."

Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, Mo-ti-mọ̀-ọ́n padà wá, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ dákun, ẹ foríjì mí. Mi ò mọ̀ ọ́n."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin pàtẹ́wọ́. "Ẹ gbọ́ o! Ẹ bá mi kọ ọjọ́ òní sílẹ̀!" Bàbá alára rẹ́rìn-ín, ó ní kó dìde.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, obìnrin tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe náà gbé dísìkì padà dé. Ó ti kọ́kọ́ ṣe ẹ̀dà gbogbo ohun tó wà lórí dísìkì náà síta, kó má bàa ṣèèṣì bà á jẹ́ sí i, ó wá wá ojú ibi tí ògiri àtijọ́ wà, ó tún wọn mọ. Orúkọ bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lójú kọ̀ǹpútà lọ́kọ̀ọ̀kan. Apẹja wà níbẹ̀. Ọmọ ọlọ́dún mẹ́sàn-án wà níbẹ̀. Ti àwọn mẹ́rin nìkan ni kò ṣí mọ́, nítòsí sì ni mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń gbé.

Omi lé ròrò sójú Bàbá. Ó fẹ́ kúnlẹ̀, obìnrin náà sáré dì í mú.

"Háà, Bàbá! Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀!"

"Ọmọ mi, ọpẹ́ yìí kọjá ohun tí ẹnu mi lè sọ."

"Àtẹ̀gùn mẹ́rìnlélógún ni mò ń gùn kí n tó dé ṣọ́ọ̀bù mi," ló dáhùn. "Ojoojúmọ́ ni mò ń gùn ún, orí ẹsẹ̀ tí ẹ ṣe ni mo sì fi ń gùn ún. Ẹ jẹ́ kí èmi náà rí ohun ṣe fún yín lẹ́ẹ̀kan."

Ó wá fi bí wọ́n ṣe ń ṣe é hàn wọ́n. Ó kó gbogbo fáìlì sórí dísìkì mìíràn, ó sì ṣí díẹ̀ nínú wọn wò, ó ní ẹ̀dà tí a kò ṣí wò, ìrètí lásán ni. Lẹ́yìn náà ló pín dísìkì inú kọ̀ǹpútà sí méjì, ọ̀kan fún ètò tuntun, ọ̀kan fún iṣẹ́ Bàbá.

"Tó bá di ọjọ́ mìíràn tí ẹ fẹ́ pààrọ̀ ètò, yàrá tirẹ̀ nìkan lẹ máa fọwọ́ kàn."

"Ìyẹn ni pé a ò nílò ẹ̀dà ìta mọ́?" ni Mo-ti-mọ̀-ọ́n béèrè. Bírò wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń kọ ọ́.

"Ẹ nílò ẹ̀. Yàrá méjì inú ilé kan náà ni. Tí ilé bá wó, àtọ̀tún àtòsì ló máa wó."

Bí obìnrin náà ṣe ń fi ètò tuntun sí i, nígbàkigbà tí ìkìlọ̀ bá jáde, ó máa ń ní kí Bàbá kà á sókè kí òun tó tẹ ohunkóhun. Nígbà tó parí, kọ̀ǹpútà dá kámẹ́rà tuntun mọ̀.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, ọmọbìnrin náà wọ ẹsẹ̀ tuntun. Ó rìn dé ẹnu ọ̀nà, ó rìn padà, ó tún ní òun fẹ́ lọ sí i. Ìyá rẹ̀ ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Bàbá, Bàbá ń nawọ́ sí òpópónà kejì.

Ẹ̀yin ará wa, kì í ṣe gbogbo èèyàn ni irú ẹni yẹn máa ń wọlé bá lásìkò. Kí ẹ tó fi ètò tuntun sórí kọ̀ǹpútà yín, ẹ kó ohun tí ẹ kò lè pàdánù síbòmíràn, kí ẹ sì ṣí i wò. Ẹ mọ ìpín tí iṣẹ́ yín wà lórí dísìkì, kí ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pa ìpín kankan rẹ́ nítorí pé ó fẹ́ kó "di ọ̀kan". Ẹ rí i pé iná kò ní lọ láàárín iṣẹ́. Bí àṣìṣe bá sì ti ṣẹlẹ̀, ẹ má fi ohunkóhun lé e lórí. Ẹ pa kọ̀ǹpútà náà, kí ẹ wá ẹni tó mọ̀ ọ́n, torí abèèrè kì í ṣìnà. Ìkìlọ̀ tó ń jáde yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí ó ń sọ fún gbogbo èèyàn lásán. Ẹ̀yin gan-an ló ń bá sọ̀rọ̀. Ẹ kà á tán kí ẹ tó dá a lóhùn.