Agádágodo Mẹ́ta Lẹ́nu Ilẹ̀kùn Omi

Ẹja tó kú sétí adágún náà pọ̀ débi pé àwọn ẹyẹ kò jà sí i mọ́. Omi ti fà, ó ku ẹrẹ̀. Ẹnìkan ń ṣí ilẹ̀kùn irin tó sé omi náà, ó ń tà á fún àwọn onítáńkà.

Bẹ́ẹ̀ kò yẹ kí ẹnìkan lè dá a ṣí. Àgbẹ̀, apẹja àti ará ìlú ló jọ ni adágún náà, ìgbìmọ̀ wọn ló ń bójú tó o. Agádágodo mẹ́ta ló wà lára ṣéènì ilẹ̀kùn. Ìyá Àgbẹ̀ mú kọ́kọ́rọ́ kan, Baba Apẹja mú kan, Alága mú ti ará ìlú. Àfi kí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pé.

Baba Apẹja ni wọ́n tì mọ́lé, torí ilé rẹ̀ ló sún mọ́ ibẹ̀ jù. Alága, àbúrò rẹ̀, ọmọ ìyá kan náà, ló júwe ilé fún ọlọ́pàá. Ẹnikẹ́ni kò gbé oúnjẹ wá fún un ní àtìmọ́lé.

"Baba, ta ló bá yín ṣí i?" Obìnrin ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ló bi í.

"Mi ò ṣí i."

"Àbúrò yín ní ẹ̀yin ni."

"Ẹ tún bi í."

Baba ṣì wà ní àtìmọ́lé nígbà tí omi tún lọ sílẹ̀. Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ mú un jáde, ó kó àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ sẹ́nu ilẹ̀kùn omi.

"Ẹ ṣí i bí ẹ ti máa ń ṣí i."

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kálukú sídìí tirẹ̀.

"Ẹ dúró. Ìyá, ẹ dá tiyín ṣí."

Ìyá Àgbẹ̀ rẹ́rìn-ín. "Ọmọ mi, ọwọ́ kan kì í gbẹ́rù dórí." Ó yí kọ́kọ́rọ́.

Ṣéènì já sílẹ̀.

Ẹnìkan ti fi agádágodo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kọ́ ara wọn lẹ́nu bí ojú ṣéènì. Èyíkéyìí tó bá ṣí, gbogbo rẹ̀ ṣí. Àwọn yòókù kò mọ̀, torí wọ́n ti fọkàn tán ara wọn, wọn kì í dán an wò ní ẹyọ kan.

"Ta ló so ó báyìí?"

Ìyá Àgbẹ̀ wẹ̀yìn. Ẹni tó so ó ti wà nínú ọkọ̀ ojú omi.

Alága ń wa ọkọ̀ lọ sí òdìkejì, níbi tí títì gbà kọjá. Bí omi bá ti rí tẹ́lẹ̀ ni, ì bá dé ibẹ̀. Láàárín adágún, ọkọ̀ rì sẹ́rẹ̀. Ó fò sílẹ̀. Ẹrẹ̀ mù ún dé ìbàdí, ó mù ún dé àyà. Àwọn ọlọ́pàá dúró sétí, wọn kò mọ ibi tó ṣeé tẹ̀.

Baba Apẹja bọ́ ẹ̀wù. Ó fi àyà lé pákó kan, ó rá lọ bá a.

"Ẹ̀gbọ́n mi."

"Má jà. Di pákó mú."

Létí adágún, wọ́n kó ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sí Alága lọ́wọ́.

"Láti ìgbà wo?" ni ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ wí.

"Láti ọjọ́ tí mo so ṣéènì."

"Ẹ̀gbọ́n yín ńkọ́?"

"Mo rò pé wọ́n máa tètè fi í sílẹ̀. Àgbà ni."

Ìyá Àgbẹ̀ jókòó sílẹ̀, ó mí kanlẹ̀. "Baba, ẹ má bínú. A fura sí yín."

"Ó ti tán."

Nílé, ìyá tó bí Baba Apẹja àti Alága dìde jókòó lórí ibùsùn nígbà tó gbọ́ ohùn Baba. "Ọlọ́run ṣeun. Ṣé àbúrò rẹ ń kó oúnjẹ tí mò ń fi rán an wá fún ẹ?"

Baba Apẹja wo ẹrẹ̀ tó gbẹ mọ́ ọn lápá.

"Ó ń kó o wá, màámi."

"Òun náà dà?"

"Wọ́n ti mú un."

Màmá ní, "Ta ló máa wá gbé oúnjẹ tirẹ̀ lọ?"

"Èmi ni, màámi."