Atọ́ka Tó Dúró sí Mọ́kànlá

Ọjọ́ kejì tí nǹkan ti bàjẹ́ ni Saidat tó gbọ́. Owódé ló wà, ó ń tún katakata àgbẹ̀ kan ṣe, nígbà tí Jedidiah, awakọ̀ Màmá Ẹfúnkẹ́mi, pè é. Màmá ti ta Pijó àtijọ́ tí ọkọ wọn fi sílẹ̀. Wọ́n tà á bí àwókù, torí Muideen ní fáàfù ẹ́ńjìnnì ti jó.

Ojú gba Saidat tì. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni Muideen, ọmọ aládìrẹ Ìtòkú làwọn méjèèjì, ṣọ́ọ̀bù Saidat ní Kemta ni wọ́n sì ti jọ ń ṣiṣẹ́. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ fún Màmá pé ohun tí bùọ̀dá bá sọ, òun ló sọ ọ́. Bẹ́ẹ̀, ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, ó ti fi géèjì díwọ̀n bí ẹ́ńjìnnì náà ṣe ń fa atẹ́gùn. Atọ́ka dúró sí mọ́kàndínlógún, kò mì. Ara líle nìyẹn.

Òun àti Jedidiah pàdé ní Papalanto, ní àgbàlá Adéríbigbé, tó ń ra àwókù ọkọ̀ láti gé e tà. Pijó náà wà lábẹ́ tapólì.

"Ẹ ò tíì gé e?" ni Saidat bi Adéríbigbé.

"Wọ́n ní kí n má fọwọ́ kàn án."

"Ta ló ní bẹ́ẹ̀?"

Adéríbigbé ń wo bàtà ara rẹ̀.

Saidat so géèjì mọ́ ọn, Jedidiah sì ṣíná. Ẹ́ńjìnnì ń gbọ̀n bí ẹni tí ibà mú. Mọ́kànlá. Atọ́ka ò gòkè, kò sì sọ̀.

Jedidiah ti ń làágùn, ó ń búra pé òun ò mọ nǹkan kan.

"Fọkàn balẹ̀," ni Saidat wí. "Ká ní fáàfù ló jó, atọ́ka á máa jábọ́ léraléra, bí orí ẹni tó ń tòògbé. Eléyìí dúró gbọin. Atẹ́gùn ló ń bá ibì kan wọlé."

Ó ki ọwọ́ bọ ìsàlẹ̀. Abẹ ti la rọ́bà kan tí atẹ́gùn ń gbà, wọ́n sì fi ìko so ó mọ́ ẹ̀yìn, kí ojú ọgbẹ́ má bàa hàn. Ìko náà dúdú fún ẹlú. Wọ́n ta kókó rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n wá ki ìdí rẹ̀ padà sínú. Ìyá wọn ò kọ́ ẹlòmíràn ní kókó yẹn ju àwọn ọmọ méjì tí wọ́n bí lọ.

Saidat tú ìko náà, ó pa ọwọ́ dé mọ́ ọn. Ó dà bíi pé òun ló so ó.

Ní Kemta, ó kúnlẹ̀ kí Muideen bó ṣe máa ń ṣe, ó wá gbé ìko náà síwájú rẹ̀. Muideen ò jiyàn. Ó ní òun lòun rán Adéríbigbé pé kó ra Pijó náà pamọ́ fún òun. Tó bá yá, òun á pààrọ̀ rọ́bà náà, kí òun sì máa wa Pijó kiri ìlú.

"Gbogbo àdúgbò ló ń pè mí ní ọmọọṣẹ́ àbúrò ẹ̀," ló wí. "Mo fẹ́ kí wọ́n rí mi nínú nǹkan tèmi."

Saidat ò lè gbójú sókè. Ó rántí ọjọ́ tí wọ́n pè é bẹ́ẹ̀ lójú òun.

"Mo bá wọn rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ kan, bùọ̀dá. Ẹ forí jì mí. Ṣùgbọ́n Pijó ń padà sílé Màmá lónìí, màá sì sọ fún wọn pé ẹ̀yin lẹ la rọ́bà náà. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ bá mi lọ, ẹ dìde. Bẹ́ ò bá fẹ́, èmi ń lọ."