Ọkọ̀ Tó Gba Ìkòkò Ìyá Àgbà

Mojọlá ni orúkọ rẹ̀. Láàárọ̀ yìí, nílé wọn ní Ìfọ̀nyìn, kò fẹ́ mu ẹ̀kọ rẹ̀.

Ó ń ro ti Ìyá Àgbà. Ìyá Àgbà ń dá gbé ní Banigbé, ilé rẹ̀ sì ń jò. Tó, tó, tó.

“Òní la máa mú wọn wá síbí,” ni Bàbá wí.

Bàbá ní báṣé kan, ọkọ̀ tó ní ibi ẹrù lẹ́yìn. Òyìnbó kan tó ń padà sílùú rẹ̀ ló tà á fún un. Ọkọ̀ náà ti gbó. Ó ń wúkọ́. Kọ́hù, kọ́hù, púù.

Bó bá ti ń kọjá níwájú ilé ìwé, Mojọlá a fojú pamọ́.

Tọ́ntọ̀n Victorin, àbúrò Bàbá, dé láti Àjàṣẹ́. Ọkọ̀ tirẹ̀ pupa. Ilẹ̀kùn méjì péré ló ní. Ó ń dán bí ojú omi. Fììììn.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò lè fi oníkọ́ yìí gbé ìyá wa wọ̀lú. Ẹ jẹ́ kí n fi iyì gbé wọn.”

Bàbá wo báṣé. Ó wolẹ̀. “Ó dáa. Ìwọ àti Mojọlá, ẹ máa lọ.”

Fììììn, wọ́n dé Banigbé.

Ìyá Àgbà jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Odó rẹ̀ nìyí. Ewúrẹ́ rẹ̀ nìyí. Ìkòkò omi rẹ̀ nìyí, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ga tó Mojọlá.

Wọ́n gbé odó sínú ọkọ̀ pupa. Odó wọlé. Ewúrẹ́ kò wọlé.

Wọ́n yọ odó. Wọ́n ti ewúrẹ́. Ewúrẹ́ wọlé. Ìkòkò kò wọlé.

Wọ́n yọ ewúrẹ́. Wọ́n yí ìkòkò sọ́tùn-ún. Wọ́n yí i sósì. Wọ́n dà á dùbúlẹ̀. Kò wọlé.

“Màmá, ẹ fi í sílẹ̀. Mo máa ra garawa tuntun fún yín.”

“Victorin, ọkọ̀ rẹ dára. Ó jọ bàtà ọjọ́ ìsinmi. Ẹsẹ̀ méjì péré ló gbà.”

Ìyá Àgbà mi orí. “Nílé wa, àgbà obìnrin kì í kó wọ ilé láìgbé ìkòkò omi rẹ̀ dání. Inú rẹ̀ làwọn ọmọ ilé ti ń kọ́kọ́ mu omi. Bí kò bá lọ, èmi náà ò lọ.”

Ó padà wọlé. Ó jókòó sórí ẹní tútù.

Ojú ọ̀run ṣú. Òjò á tún rọ̀. Ìyá Àgbà á tún wà níbẹ̀, òun nìkan. Mojọlá sunkún, ó sunkún, kò sẹ́ni tó lè rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún.

Ewúrẹ́ wúkọ́. Kọ́hù.

Mojọlá gbé orí sókè. “Tọ́ntọ̀n, ẹ lọ pe Bàbá. Ẹ ní kí wọ́n gbé báṣé wá.”

“Oníkọ́ yẹn?”

“Oníkọ́ yẹn ni.”

Fììììn, Tọ́ntọ̀n lọ.

Mojọlá dúró. Ó dúró, ó dúró. Òjò bẹ̀rẹ̀. Kò sẹ́ni lọ́nà. Bóyá báṣé ti kú sọ́nà.

Tó, tó, tó.

Tó, tó, kọ́hù.

Kọ́hù, kọ́hù, púù.

Odó wọlé. Ewúrẹ́ wọlé. Ìkòkò ńkọ́? Ìkòkò wọlé, ó dúró ṣinṣin.

Ìyá Àgbà jókòó níwájú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Bàbá. Mojọlá wà lẹ́yìn, ó gbá ìkòkò mọ́ra. Ọkọ̀ pupa ń tẹ̀ lé wọn jẹ́ẹ́jẹ́ nínú ẹrẹ̀.

Wọ́n kọjá níwájú ilé ìwé. Mojọlá kò fojú pamọ́. Ó juwọ́.

Nílé, Ìyá Àgbà pọnmi kún ìkòkò. Ó bu igbá kan fún Mojọlá. Mojọlá mu.

Ó bu igbá kejì. Ó ní kí Bàbá ṣí iwájú báṣé, ó sì da omi náà sí i.

“Ọmọ ilé lòun náà,” ni Ìyá Àgbà wí.

Báṣé mu omi. Gbù, gbù, gbù.