Ẹni Tó Wà Lábẹ́ Mọ́tò Wilf

Bùọ̀dá Clive máa ń fi ọwọ́ kí mọ́tò kó tó fẹnu kí ẹni tó ni ín. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni, kò sì sẹ́ni tó mọ̀ jù ú lọ nípa iye tó yẹ kéèyàn san lórí mọ́tò àfọwọ́tò tó ti pẹ́, ní gbogbo agbègbè wa ní Lancashire, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Mọ́tò àfọwọ́tò ni èyí tí wọ́n kó irin ẹ̀ wá nínú páálí, tí ẹni tó rà á wá fọwọ́ ara ẹ̀ tò ó nílé. Tó bá ti dé ọ̀dọ̀ ẹni tó fẹ́ tà á, bọ́nẹ́ẹ̀tì ló máa kọ́kọ́ gbé àtẹ́lẹwọ́ lé. Ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ tutù. Tó bá gbóná, a jẹ́ pé ẹni yẹn ti dọ́gbọ́n tan án sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó dé, kẹ́ ẹ má bàa mọ̀ pé kì í tètè jí láàárọ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ tá a lọ wo mọ́tò tí Màmá Entwistle fẹ́ tà, ó gbé ọwọ́ lé bọ́nẹ́ẹ̀tì ẹ̀, ló bá yára gbé e kúrò.

"Rowan," ó sọ ọ́ wẹ́lẹ́ sí mi létí, "fọwọ́ kàn án."

Mo fọwọ́ kàn án. Ó gbóná bí ìkòkò tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀.

Òjò ń ta wínníwínní sórí páànù gáréèjì. Màmá Entwistle dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó gbé tíì wa dání sórí tíréè.

"Ẹ ti tan án láàárọ̀ yìí, àbí?" Bùọ̀dá Clive bi í, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Kò sẹ́ni tó tan án látìgbà tí Wilf ọkọ mi ti kú nínú oṣù kejì, ọmọ mi. Èmi ò tiẹ̀ mọ mọ́tò wà."

"Màmá, a kì í ṣe ọlọ́pàá o. Gbogbo ayé ló ń ṣe é. Ìyá ìyàwó mi pàápàá, ó máa kun ojú kó tó jẹ́ kí wọ́n ya òun ní fọ́tò."

Ojú ìyá náà pọ́n. Kò bínú. Ojú ló ń tì í, bíi ti ẹni tí wọ́n ká nǹkan mọ́ lọ́wọ́. Èmi ní tèmi, mo ti tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́ sáwọn ọ̀rẹ́ mi lórí fóònù pé ìyá arúgbó kan fẹ́ lù wá ní jìbìtì. Mo tún fi ẹ̀rín sí i.

"Ẹgbẹ̀rún mẹ́sàn-án pọ́ùn ni mo fẹ́ gbà," ó ní. "Ọdún mọ́kànlá ló fi tò ó. Gbogbo ìrọ̀lẹ́, gbogbo ọjọ́ Sunday. Ó wà níbí tòun ti tábà tó ń fọwọ́ wé, èmi wà nínú ilé, mò ń dá wo tẹlifíṣọ̀n bí ọmọ òrukàn. Tí iṣẹ́ ẹ̀ bá dáa, ẹ ó san án. Tí kò bá wá dáa…"

Kò parí ẹ̀, ṣùgbọ́n ó yé mi. Kì í ṣe owó ló ń wá. Ó fẹ́ kí ẹnì kan sọ fún òun pé àwọn ọdún yẹn ò ṣòfò.

"Màmá, wákàtí ò lówó lórí nínú òwò tiwa yìí," Bùọ̀dá ní. "Ẹ́ńjìnnì, gíà, táyà, ìwọ̀nyẹn là ń díye lé. Ẹni tó tò ó ti gbádùn ara ẹ̀, èrè tiẹ̀ nìyẹn."

"Ó ti gbádùn ara ẹ̀," ìyá náà tún un sọ, bí ẹni ń tọ́ oògùn wò.

Bùọ̀dá wá ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, kó lè fi hàn án pé irọ́ ẹ̀ ti já. Ooru rú jáde sí wa lójú, pẹ̀lú òórùn tábà àfọwọ́wé. A bẹ̀rẹ̀ wò ó. Wọ́n ti tú wáyà bátìrì kúrò lórí ẹ̀. Aláǹtakùn ti ta òwú láti ẹnu wáyà dé ara irin, eruku sì ti bo òwú yẹn fún ọjọ́ pípẹ́. Kò sí ọ̀nà tí ẹ́ńjìnnì yẹn fi lè tàn.

Bùọ̀dá wò ó títí. Ó rọra pa bọ́nẹ́ẹ̀tì dé, ó ṣí fìlà lórí.

"Ẹ forí jì mí, màmá. Mo pè yín ní òpùrọ́ nínú ilé yín."

"Èmi náà ti pe ara mi ní nǹkan tó burú jù bẹ́ẹ̀ lọ." Ó gbé tíì kalẹ̀, ó jókòó sórí àpótí kan. "Ta ni mo fẹ́ sọ ọ́ fún? Wọ́n á ní orí mi ti dàrú, wọ́n á wá gbé mi lọ sílé àwọn arúgbó. Ojoojúmọ́ ni, tí mo bá ti jẹun ọ̀sán tán. Mo máa ń gbọ́ pátákó onítáyà tí Wilf máa ń dùbúlẹ̀ lé, tó ń yí lọ yí bọ̀ lábẹ́ mọ́tò yẹn. Tí mo bá ṣílẹ̀kùn, kẹ́kẹ́ á pa, mọ́tò yẹn á sì ti gbóná. Iná tó fi ń ṣiṣẹ́, tí mo gbé kọ́ sára ìṣó, á ti wà nílẹ̀. Ibì kan náà ló máa ń kọjú sí."

"Ibo nìyẹn?"

Ó nawọ́ sí ẹ̀yìn ìjókòó awakọ̀.

Mo tan iná fóònù mi síbẹ̀. Bùọ̀dá ká kápẹ́ẹ̀tì tó wà níbẹ̀ sókè, gúlúù ẹ̀ ń ya ṣaṣa. Ó fi ọ̀bẹ ha ọ̀dà. Ọ̀dà ṣí, àmọ̀ funfun kan tí wọ́n fi ń dí ihò ara mọ́tò tẹ̀ lé e, ó ń já bọ́ ní wẹ́wẹ́. Lábẹ́ ẹ̀ la ti rí i. Ibi tí wọ́n ti fi iná jó irin tó di táyà ẹ̀yìn mú pọ̀ mọ́ eegun mọ́tò ti sán. Èékánná mi wọnú ẹ̀.

"Ó mọ̀," Bùọ̀dá sọ ọ́ lábẹ́nu. "Èèyàn kì í ṣèèṣì dí irú èyí. Ó rí i, ó dí i, ó kùn ún, ó tẹ́ nǹkan lé e lórí."

"Wilf tèmi? Wilf tó wa mọ́tò padà lọ sí ṣọ́ọ̀bù torí pé wọ́n fún un ní ṣéńjì lé?"

Bùọ̀dá pa ọ̀bẹ ẹ̀ dé, ó fi í sápò.

"Èló ló wá tó báyìí?" ó bi wá. "Ẹ má ṣàánú mi kún un o."

"Ẹgbẹ̀rún mẹ́ta, màmá. Irin ẹ̀ nìkan. Iye tó tọ́ nìyẹn."

Ó mi orí, ó fi eépírọ́ọ̀nù bo ẹnu. Mi ò lè wò ó. Mo bojú wo fóònù mi kí n lè pa ọ̀rọ̀ tí mo kọ rẹ́, àwọn ọ̀rẹ́ mi ti fi ẹ̀rín kún un.

Nígbà tó ṣe, ìyá náà sọ̀rọ̀, ohùn ẹ̀ ti yí padà. "Ó to òmíràn kó tó to èyí. Tíṣà kan nílùú Clitheroe ló rà á, Bryony lorúkọ ẹ̀. Ṣé bó ṣe jó irin èyí náà ló ṣe jó tiẹ̀?"

Èmi àti Bùọ̀dá wo ara wa. Bryony máa ń fi káàdì Kérésìmesì ránṣẹ́ sí i, nọ́ńbà ẹ̀ wà lẹ́yìn káàdì. Mo pè é, mo jẹ́ kí gbogbo wa máa gbọ́ ọ.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ọ̀rọ̀ mọ́tò tẹ́ ẹ rà lọ́wọ́ Bàbá Entwistle ni. Ẹ má wà á o. Irin ẹ̀yìn ẹ̀ lè já."



"Mi ò wà á látinú oṣù kejì," Bryony ní. "Ta ló máa wa mọ́tò téèyàn wà lábẹ́ ẹ̀? Ẹ bá mi bẹ bàbá yẹn kó yéé wá."

"Bàbá wo, mà?"

"Bàbá tó máa ń wá dùbúlẹ̀ sábẹ́ ẹ̀ lọ́sàn-án. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo pariwo mọ́ ọn, kò dáhùn. Tí mo bá bẹ̀rẹ̀ kí n lè rí ojú ẹ̀, á fọwọ́ méjèèjì bò ó, bí ọmọ tó fọ́ àwo. Ọwọ́ yẹn dúdú fún gírísì."

Màmá Entwistle gba fóònù lọ́wọ́ mi. "Kò sẹ́ni tó fara pa?"

"Kò sí, mà."

"O ṣeun." Ó dá fóònù mi padà. Ó di ara mọ́tò mú, ó fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bẹ̀rẹ̀, orókún ẹ̀ ń dún.

"Wilf," ó ní, "Bryony ti gbọ́. A ti sọ fún un. Jáde níbẹ̀, ilẹ̀ yẹn tutù."

Táyà kéékèèké dún lórí sìmẹ́ńtì. Pátákó náà yí jáde díẹ̀díẹ̀, kò sẹ́ni lórí ẹ̀. Bùọ̀dá Clive fà mí lápá sẹ́yìn. Ìyá náà na ọwọ́ sí i, bí ẹní fẹ́ gbé ẹni tí eegun ń dùn dìde. Mo rí i tí apá súwẹ́tà ẹ̀ nà gbọọrọ sísàlẹ̀, tí èjìká ẹ̀ tẹ̀, tó fẹsẹ̀ tilẹ̀ torí pé ohun tó ń gbé wúwo.

"Gbọ́wọ́ kúrò lójú," ó ní. "Èmi ni."